Èdè Àìmọ̀ ní Ilẹ̀ Bobè: Ta Ni Yóò Túmọ̀?

Ẹni tó bá ń kọ ìtàn fífi èdè fọ̀ nínú ẹ̀sìn Krístì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Los Angeles ní 1906, bí ẹni pé kí ọdún yẹn tó dé, kò sí ẹni tó fi èdè tí kò yé aládùúgbò rẹ̀ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ rí. Ní ilẹ̀ Bobè, ní agbègbè Bantè àti Savalou ní orílẹ̀-èdè Benin, ìtàn náà kò lè bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Kí pásítọ̀ kankan tó gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí níbẹ̀ pé kó gba Ẹ̀mí Mímọ́, àwọn ènìyàn ti mọ èdè tí a kì í fi ná ọjà: èdè ilé vodun, ohùn Ifá, èdè Lárúbáwá tí àwọn mùsùlùmí fi ń kírun, àti nígbà tó yá, èdè Látìn tí fadá ń kà níwájú pẹpẹ. Nítorí náà, àwọn ìjọ ẹlẹ́mìí kọ́ ló mú èdè tí kò yé ni wọ inú ìsìn. Wọ́n bá a nílẹ̀ ni. Ohun tuntun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn irú èdè bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ ọ rí, tí kò sanwó rẹ̀, tí kò sì bá ìdílé rẹ̀ jogún rẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí gbayawu báyẹn, gbogbo ìtumọ̀ àti ìwúlò fífi èdè fọ̀ wá rọ̀ mọ́ ẹnì kan tí ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ. Ẹni náà ni ẹni tó ń túmọ̀. Èrò mi ni pé níbi tí ó bá wà, èdè àìmọ̀ ń ṣe ìjọ láǹfààní. Níbi tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò, èdè náà á di ohun ìdíje láàárín àwọn onígbàgbọ́.

Ká wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ná. Bantè àti Savalou jẹ́ méjì nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó wà ní ẹkùn Collines. Ìdáàṣà, Glazoué, Ouèssè àti Ṣábẹ̀ẹ́ ni mẹ́rin tó kù. Ní Bantè, àwọn Ica ló gbajúmọ̀ jù, èdè wọn sì bá Yorùbá tan dáadáa: ará Ìbàdàn tó bá fara balẹ̀ yóò gbọ́ díẹ̀, yóò sì ṣi díẹ̀ gbọ́. Savalou ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú Mahi lábẹ́ ìdílé ọba Gbaguidi, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ oríṣiríṣi ẹ̀ka Yorùbá, tí àwọn Faransé kó pọ̀ tí wọ́n ń pè ní Nàgó, wà ní abúlé rẹ̀. Èdè Fọ̀n bá agbára Àgbómẹ̀, olú ìlú ìjọba Dahomey, gòkè wá. Èdè Faransé tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́gun ọba Béhanzin ti Àgbómẹ̀ láàárín 1892 sí 1894. Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí títí tó fi pé ní 1884, gba ọ̀nà ìlà-oòrùn wọlé. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè sọ èdè kan nílé, kó fi òmíràn ná ọjà, kó fi ẹ̀kẹta kàwé, kó sì gbọ́ ẹ̀kẹrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kọ háà nítorí pé ó gbọ́ èdè tí kò yé e. Ògbufọ̀ ni yóò wá.

Nínú àwọn èdè ẹ̀sìn tí mo kà sílẹ̀, èdè ilé vodun ló yẹ kí a dúró tì jù, nítorí òun ni àwọn oníwàásù máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu fífi èdè fọ̀. Melville Herskovits, tí ìwé rẹ̀ lórí Dahomey jáde ní 1938, àti Pierre Verger, tí ìwé rẹ̀ lórí òrìṣà àti vodun jáde ní Dakar ní 1957, ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ. Ẹni tí vodun bá yàn yóò wọ ilé àṣírí, yóò pẹ́ níbẹ̀, yóò gba orúkọ tuntun, yóò sì kọ́ èdè tí a kì í sọ ní ìta. Nígbà tó bá jáde, a óò máa ṣe sí i bí àjèjì tí kò gbọ́ èdè ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Ohun tó gba àfiyèsí jù ní ti ilẹ̀ tí à ń sọ yìí ni ọ̀rọ̀ Sakpata, tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀nná. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Àgbómẹ̀ gbà pé láti òkè, láti apá Ìdáàṣà àti ilẹ̀ Mahi, ni vodun yìí ti wọ Àgbómẹ̀, nígbà ayé ọba Agaja ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Anagonu, ìyẹn ará Ànàgó, ni wọ́n ń pe àwọn ìyàwó vodun yìí ní Àgbómẹ̀ títí di òní, Nàgó àtijọ́ sì ni èdè tí wọ́n ń kọ́ wọn nínú ilé àṣírí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: èdè tó jẹ́ àṣírí ńlá fún ọmọbìnrin Fọ̀n kan ní Àgbómẹ̀ kò jìnnà sí èyí tí ìyá aláta fi ń pe oníbàárà ní Bantè. Kò sí ohun àràmàǹdà kan nínú ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí a gbé e sí, ẹni tó ni í, àti bí a ṣe ń gbà á ló sọ ọ́ di mímọ́.

Ohun mẹ́ta ló so mọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì wúlò fún wa níwájú. Àkọ́kọ́, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Vodun lè gun ènìyàn lójijì, ṣùgbọ́n èdè vodun kì í dé lójijì; ẹ̀kọ́ ni, ó sì ní olùkọ́. Èkejì, ó ní olówó: ilé kan ló ni í, ilé náà ló sì ń pinnu ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, ìtumọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà, bí èrò ìta kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Títí kan òkè òkun ni àmì yìí tẹ̀ lé e. Ní Bahia ní Brazil, àwọn ilé candomblé kan ṣì ń pe orírun ìsìn wọn ní Jeje Savalu, wọ́n sì ń kọrin pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń kọ ọ́ níbẹ̀ lónìí kò lè fi ọ̀rọ̀ náà sọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, síbẹ̀ ìyálórìṣà á sọ fún ọ pé orin yìí wà fún báyìí, òmíràn wà fún báyìí. Ìtumọ̀ lè rẹ̀yìn, ó lè kéré, àmọ́ ẹnì kan ni a gbé e lé lọ́wọ́.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti Ìjọ Àgùdà kò yí ìlànà yìí padà, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí wọn. Mùsùlùmí Bantè ń kírun ní Lárúbáwá, àwọn àlùfáà ló sì ń túmọ̀ wàásù. Títí di ìgbà ìpàdé ńlá Vatican kejì, tó wáyé láàárín 1962 sí 1965, Látìn ni àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà gbọ́ níbi Máàsì, yálà ní Savalou tàbí ní Róòmù. Ìran kan odindi dàgbà tó mọ ìgbà tó yẹ kó kúnlẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó dìde láì mọ ohun tí fadá sọ. Kò sì sí ẹni tó pe fadá ní wèrè. Èdè Látìn ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó ní àwọn tó kọ́ ọ fún ọdún púpọ̀, ó sì ní ìwé tí a lè ṣí wò. Ní ti ọ̀nà tí èdè mímọ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, fadá àti àgbà ilé vodun sún mọ́ ara wọn ju bí ẹnikẹ́ni nínú wọn yóò ti fẹ́ gbọ́ lọ.

Ká wá ṣí Bíbélì wò, nítorí ohun méjì tí kò jọra ni à ń dárúkọ pọ̀ nígbà tí a bá ní fífi èdè fọ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì, èrò láti Pátíà, Médíà, Íjíbítì, Róòmù àti ibòmíràn wà ní Jerúsálẹ́mù, olúkúlùkù sì gbọ́ èdè ìbí tirẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Gálílì. Níbẹ̀, èdè náà yé ni. Ẹni tí yóò túmọ̀ kò sí nítorí pé kò sí ohun tí yóò túmọ̀. Ní Kọ́ríńtì, kò ju bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà lọ, nǹkan ti yí padà. Pọ́ọ̀lù sọ fún wọn pé ẹni tó ń fi èdè fọ̀ ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn tó gbọ́ ọ yé. Ó ní òun fúnra òun ń fọ̀ ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ márùn-ún tó yé ènìyàn tẹ́ òun lọ́rùn ju ẹgbàárùn-ún tí kò yé wọn. Ó wá fi òfin sí i: kí ẹni méjì fọ̀, ó pọ̀ jù kó jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn, kí ẹnì kan túmọ̀. Bí kò bá sí ẹni tí yóò túmọ̀, kí ẹni náà pa ẹnu mọ́ nínú ìjọ, kó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní ọkàn ara rẹ̀. Ó kìlọ̀ pé bí àlejò bá wọlé tó bá gbogbo yín tí ẹ ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ní orí yín ti dàrú. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá fífi èdè fọ̀ lẹ́kun.

Mo gbà pé ìlú tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí ló fà á tí lẹ́tà náà fi rí bẹ́ẹ̀. Ìlú onísòwò ni Kọ́ríńtì, ó wà láàárín òkun méjì, ó kún fún èdè àti fún òrìṣà, àwọn ará ìjọ rẹ̀ sì ti inú onírúurú ìsìn wá. Pọ́ọ̀lù rán wọn létí pé nígbà tí wọ́n wà nínú ìbọ̀rìṣà, a ti ń fà wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn òrìṣà tí kò lè fọhùn. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n mọ gígùn, wọ́n mọ ìró àjèjì, kí wọ́n tó mọ Jésù. Nítorí náà, kò gbé ìdánwò èdè náà ka orí ìró rẹ̀ tàbí orí bí ó ṣe gbóná tó. Ó gbé e ka orí ohun tí ìjọ rí gbà níbẹ̀. Bí Pọ́ọ̀lù bá kọ lẹ́tà yẹn sí Savalou, kò ní nílò láti yí ohun púpọ̀ padà nínú rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó tún iná fífi èdè fọ̀ dá gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1901, ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì tí Charles Parham dá sílẹ̀ ní Topeka ní Kansas, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Agnes Ozman fi èdè fọ̀. Parham gbà pé èdè orílẹ̀-èdè kan nínú ayé ni, pé Ọlọ́run ń pín èdè fún àwọn míṣọ́nnárì kí wọ́n má bàa fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọ. William Seymour, aláwọ̀ dúdú tí àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú, gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Azusa Street ní Los Angeles ní 1906, ibẹ̀ ló sì ti tàn ká ayé. Àwọn míṣọ́nnárì kan wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ìdánilójú pé èdè tí wọn yóò fi wàásù ti wà lẹ́nu wọn. Alfred Garr dé Calcutta pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé Ẹ̀mí ti fún òun ní èdè Bengali. Àwọn ará Calcutta kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tó dé Hong Kong ní 1907, ògbufọ̀ ni ó lò, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mok Lai Chi. Àwọn tó ń sọ ìtàn Azusa kì í fẹ́ pẹ́ lórí ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Dípò kí ìjákulẹ̀ náà dá wọn padà sí òfin Kọ́ríńtì, ọ̀pọ̀ nínú wọn yí ìtumọ̀ èdè padà: wọ́n ní àmì ni, ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ènìyàn ti gba ìbatisí Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹgbẹ́ Assemblies of God, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914, kọ èyí sínú ìlànà ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní 1916. Àmì kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ó ti tó pé kó farahàn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kò gba ibẹ̀ yẹn tààrà. Ẹgbẹ́ àdúrà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú, tí Joseph Ṣàdárè àti Sophia Ọdúnlámì wà nínú rẹ̀, bá Faith Tabernacle ti Philadelphia dọ́rẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ìwé. Faith Tabernacle gba ìwòsàn nípa ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n kò fara mọ́ fífi èdè fọ̀ rárá. Nígbà tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, omi ìyè àti agogo àdúrà ni àwọn ènìyàn fi dá a mọ̀. Àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church láti Britain, tí àkọ́kọ́ wọn dé ní 1931, ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ẹ̀rí àkọ́kọ́ wá sí àárín wọn. Ní àkókò yẹn, Mósè Orímọládé àti Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ti dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Ní Ògèrè, Josiah Ositelu ti ń kọ ìwé mímọ́ kan tí kò jọ ìwé ènìyàn kankan, pẹ̀lú àwọn orúkọ mímọ́ tí a kò lè rí nínú èdè kankan. Ohun tó wù mí nípa Ositelu ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èdè rẹ̀ ṣàjèjì, àmọ́ ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì sọ ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà fún. Ojú tí àwọn Aládùúrà fi wo èdè àìmọ̀ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ tí a rán síni ni, a sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wí.

Láti apá Benin gan-an ni ọ̀kan lára èyí tó tóbi jù nínú ìjọ wọ̀nyí ti jáde. Samuel Bilewu Oshoffa, káfíńtà kan tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, sọ pé òun rí ìran nínú igbó ní oṣù karùn-ún 1947, nígbà tí oòrùn wọ òòjì. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Oshoffa kú ní 1985, ìjọ náà ti kọjá Nàìjíríà dé òkè òkun. Ìkànìyàn ọdún 2013 ní Benin fi hàn pé ìdá 6.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará orílẹ̀-èdè náà ló ń ṣe ẹ̀sìn yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn Mẹ́tọ́díìsì, tí wọ́n ti ń wàásù níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì jẹ́ ìdá 3.4. Nínú ìjọ yìí àti nínú àwọn Aládùúrà yòókù, ẹni tó bá bọ́ sínú ẹ̀mí lè sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Orin pàápàá wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú èdè ènìyàn. Àmọ́ ẹ wo ìṣètò tó yí i ká: akọ̀wé wà nítòsí pẹ̀lú bírò àti ìwé, ohun tí wòlíì bá rí ni yóò kọ, wọn yóò mú un lọ síwájú olùṣọ́-àgùntàn, àdúrà tàbí ààwẹ̀ tó bá yẹ ni wọn yóò sì fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ kò parí síbi tí wòlíì ti ń gbọ̀n. Ìgbà tí akọ̀wé bá pa ìwé dé ni ó tó di nǹkan tí ìjọ lè lò.

Ìlẹ̀kùn tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ hàn kedere níhìn-ín. Nínú Ìjọ Mímọ́, obìnrin kì í wọ ibi pẹpẹ, kì í sì í darí ìsìn. Bó bá jẹ́ pé àṣẹ nìkan ló ń fúnni ní ẹnu, kì bá tí ní ohun kan tí yóò sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀mí bá bà lé e, ọkùnrin tó jókòó níwájú yóò dákẹ́, yóò tẹ́tí. Ẹni tí kò mọ̀wé, tí kò gbọ́ Faransé, tí kò sí nínú ìdílé kankan tó ni vodun, lè di ẹni tí gbogbo ìjọ ń dúró dè. Ní ilẹ̀ tí èdè mímọ́ ti ní olówó rí, ìyípadà ńlá lèyí, mo sì rò pé òun ló ṣàlàyé bí ìjọ wọ̀nyí ṣe tàn ká tó bẹ́ẹ̀ ju àlàyé nípa ìwòsàn lásán lọ. Ilé vodun náà ń wo ènìyàn sàn.

Àwọn kan yóò ní kí ni ìyàtọ̀ nígbà náà? Wọ́n ní ilé vodun lásán ni, aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ fún un. Ẹjọ́ yìí lágbára, nítorí ara tó ń gbọ̀n jọ ara tó ń gbọ̀n. Àmọ́ bí a bá fi ohun mẹ́ta tí mo kà nípa èdè ilé vodun wọ̀n ọ́n, àtakò náà kò ní dúró. Kò sí ẹni tó kọ́ èdè tí wòlíì fi ń fọ̀, kò sì sí ilé kan tó lè ní òun ló ni í. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n jọ ní, ìyẹn pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ìtumọ̀. Èyí kò sì bà mí lẹ́rù, nítorí Pọ́ọ̀lù náà béèrè fún un. Bó bá jẹ́ pé ilé vodun ni àwọn ará Collines ti kọ́ pé èdè tí kò ní ìtumọ̀ kò ṣeé gbé iṣẹ́ lé, a jẹ́ pé ìmọ̀ àtijọ́ ọ̀hún ti pèsè wọn sílẹ̀ fún òfin Kọ́ríńtì ju bí Azusa ti lè ṣe lọ.

Àtakò kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ mìíràn wá: wọ́n ní fífi èdè fọ̀ ti parí pẹ̀lú àwọn àpọ́sítélì. John Chrysostom, ní ọ̀rúndún kẹrin, jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ṣókùnkùn sí òun nítorí pé nǹkan wọ̀nyẹn kò ṣẹlẹ̀ mọ́ nígbà tirẹ̀. Augustine, ọmọ Áfíríkà ni òun náà, sọ pé àmì ìgbà yẹn ni, pé ìjọ tó ti tàn dé gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń sọ gbogbo èdè. Benjamin Warfield tún gbé ẹjọ́ náà dìde ní Amẹ́ríkà ní 1918. Ọ̀rọ̀ Augustine dára létí, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é tán, nítorí Irenaeus, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì, mẹ́nu ba àwọn arákùnrin nínú ìjọ tí wọ́n ń fi oríṣiríṣi èdè fọ̀ nípa Ẹ̀mí. Pé nǹkan kan dínkù ní ibì kan kò fi hàn pé Ọlọ́run ti fòfin dè é. Ìgbà tí Pọ́ọ̀lù sì ní kí wọ́n má ṣe dá a lẹ́kun, kò kọ ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí sí i.

Ti àwọn onímọ̀ èdè le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. William Samarin, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1972, tẹ́tí sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń fi èdè fọ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀. Ó rí i pé inú èdè tí ẹni náà ti mọ̀ ni ìró rẹ̀ ti ń wá, pé ìró kan náà ni wọ́n ń yí po, àti pé gírámà tí èdè ènìyàn ń ní kò sí nínú rẹ̀. N kò rí ìdí láti bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ìwádìí yìí ṣẹ́gun? Parham ni, tó ní èdè orílẹ̀-èdè kan ni. Kò ṣẹ́gun Pọ́ọ̀lù, tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé inú ẹni tó ń fọ̀ kò so èso, pé òye rẹ̀ kò kó ipa níbẹ̀. Samarin fúnra rẹ̀ kò sọ pé wèrè ni wọ́n. Ó gbà pé ó ní ohun tó ń ṣe fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Bí kò bá sí gírámà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó ń túmọ̀ kì í ṣe ògbufọ̀ bíi ti ọjà. Ojúṣe rẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá sọ, ọrùn rẹ̀ ló wà, ìjọ sì ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ìdí nìyẹn tí Pọ́ọ̀lù fi ní kí àwọn yòókù máa dá ọ̀rọ̀ wòlíì lẹ́jọ́.

Èyí tó súnmọ́ òtítọ́ jù nínú àwọn àtakò ni ti àwọn tó ní àdúrà ìkọ̀kọ̀ ni fífi èdè fọ̀ jẹ́, pé ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kò nílò ògbufọ̀. Wọ́n tọ̀nà nípa ti iyàrá. Pọ́ọ̀lù pàápàá fi àyè yẹn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fi òfin dí ẹnu tó ń gbàdúrà ní òru. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n gbé àdúrà iyàrá sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Lẹ́yìn àpérò orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì 1990, tí bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza darí, tó sì fòpin sí ìjọba Marx tí Ààrẹ Kérékou kéde ní 1974, ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì tuntun rọ̀ bí òjò ní Benin. Ẹ̀kọ́ ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn gbé dé. Ìsìn wọn kún fún ìtumọ̀ ní ọ̀nà mìíràn: oníwàásù á sọ Faransé, ẹnì kan á dúró tì í tí yóò yí i sí Fọ̀n tàbí Yorùbá, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Àmọ́ nígbà tí gbogbo ìjọ bá bú sí èdè àìmọ̀ pọ̀, kò sí ẹnì kankan tí wọ́n yàn fún ìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì fọ̀ á wá máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tí Ẹ̀mí kò tíì yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan á tilẹ̀ kọ́ ọ bí yóò ṣe máa yí ahọ́n rẹ̀. Báyìí ni èdè tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ṣe tún di ohun kíkọ́, tó tún di ti àwọn tó wà nínú ilé nìkan.

Láàárín Ìjọ Àgùdà, tí ìsọjí ẹlẹ́mìí bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Duquesne ní Pittsburgh ní 1967, ọ̀nà kejì hàn. Jean Pliya, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Djougou ní 1931, tó kọ eré nípa Béhanzin tó ń jẹ́ Kondo le requin, di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìsọjí yìí ní Benin, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí dé ìparí ayé rẹ̀ ní 2015. Níbẹ̀, èdè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀bùn púpọ̀, wọn kò fi dandan lé e fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹnì kan bá fọ̀ láti dúró de ìtumọ̀. Ìṣàkóso bíṣọ́ọ̀bù Ìdáàṣà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 fún gbogbo Collines, ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ ní Bantè àti Savalou. N kò sọ pé fadá gbọ́n ju wòlíì lọ. Ìjọ rẹ̀ náà ló fi Látìn bo àwọn ènìyàn lójú títí di 1965. Ohun tí mo rí ni pé akọ̀wé Aládùúrà pẹ̀lú ìwé rẹ̀ àti ẹgbẹ́ àdúrà Àgùdà tó ń dúró de ìtumọ̀ ń pa òfin kan náà mọ́, àwọn méjèèjì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì tó ń tako àwọn méjèèjì ló máa ń fa ẹsẹ Kọ́ríńtì yọ jù, wọ́n sì máa ń dúró ní ẹsẹ kejì orí kẹrìnlá, ibi tó ti ní ẹni tó ń fọ̀ ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ẹsẹ kejìdínlọ́gbọ̀n, tó ní kí ẹni tí kò ní olùtúmọ̀ dákẹ́, wà nínú orí kan náà.